Bí iná ṣe gba orí bébà tí mo fi príńtà tẹ̀ kọjá

Tí ẹ bá fi tàdáwà fàdákà tẹ sẹ́ńsọ̀ (ìlà tó ń jẹ́ ká mọ̀ tí bébà bá tẹ̀) sórí bébà, tí ìlà hàn kedere ṣùgbọ́n tí mítà tí a fi ń yẹ iná wò ní iná ò kọjá, ẹ yẹ bébà yẹn wò kí ẹ tó tú príńtà. Ibẹ̀ ni tèmi ti yanjú.

Bébà A4 ọ́fíìsì máa ń fa tàdáwà mu. Àwọn hóró fàdákà wínníwínní inú rẹ̀ á fọ́n ká sáàárín fọ́nrán bébà, wọn ò ní kanra. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí bébà fọ́tò tó ń dán. Omi tàdáwà nìkan ni ojú tiẹ̀ ń fà. Fàdákà á dúró lókè, á so mọ́ra fúnra rẹ̀ láìsí pé à ń yan án. Èmi kọ́ ni mo dá ọgbọ́n yìí o: Yoshihiro Kawahara, olùwádìí ará Japan, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàlàyé rẹ̀ ní 2013.

Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣì ń já, nítorí náà mo fẹ̀ ẹ́ dé mìlímítà 2. Ẹ má gbé irin gbígbóná tí àwọn atúnrédíò fi ń yọ́ òjé sún mọ́ ọn, ike ojú bébà á yọ́ ni. Téèpù bàbà ni mo fi lẹ wáyà mọ́ ọn. Príńtà tí ẹ bá sì bu tàdáwà yìí sí, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Owó tàdáwà náà ò kéré rárá.

Ní báyìí, tí mo bá tẹ bébà kọdọrọ tí ojú fàdákà wà níta, nọ́ńbà mítà, èyí tó ń sọ bí ìlà náà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó, á gòkè. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sínú, á wálẹ̀.