Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn olórí ọlọ́yàyà

Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, a kì í sábà fi ẹni tí kò lè báni rẹ́rìn-ín ṣe alága ẹgbẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ yọ̀ mọ́ ènìyàn, tí ó lè gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ajẹgbèsè láìjẹ́ pé ìjà ṣẹlẹ̀, ni a máa ń tì síwájú, yálà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ṣàgámù. N kò rí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ohun tí ó máa ń ba iṣẹ́ irú olórí bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé ọ̀yàyà rẹ̀ gan-an ni kì í jẹ́ kí ó gbọ́ èrò àwọn tí ó ń darí.

Ẹ má ṣe ka ariwo sí ìfohùnṣọ̀kan. Ẹ wo ìpàdé tí a ti ń yan aṣọ ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba, èyí tí ó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá. Alága gbé aṣọ sókè, ó dá àpárá, ilé gba ẹ̀rín, ó sì béèrè bóyá gbogbo wọn fara mọ́ ọn. "A fara mọ́ ọn!" ni wọ́n fi dáhùn. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń wá bàtà wọn, ẹnì kan ń sọ fún ẹnì kejì pé owó aṣọ náà ti wọ́n jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ilé ìwé ọmọ. Ojú alága ni wọ́n wò tí wọ́n fi gbà. Ì bá sàn kí ó ti pe àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì béèrè iye tí wọ́n lè san àti ìgbà tí wọ́n lè san án, nítorí pé ara máa ń tu ènìyàn láti sọ òótọ́ fún ọlọ́yàyà nígbà tí ó bá ku àwọn méjì.

Èyí tí ó burú jù ni kí a máa fi àwàdà gba ìbáwí. Akápò dìde, ó ní, "Alága, ẹ má bínú o, ẹ̀yin nìkan ni ẹ máa ń sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú." Alága bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Akápò, ṣé ẹ ti ń fojú sọ́ àga mi ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, akápò náà rẹ́rìn-ín, ó jókòó, kò sì ní sọ irú rẹ̀ mọ́ láéláé. Ohun tí ó yẹ ni kí alága dákẹ́ títí akápò yóò fi sọ tẹnu rẹ̀ tán, kí ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ kí ó lè dájú pé ó yé òun, kí ó béèrè àpẹẹrẹ kan péré, kí ó sì dá ọjọ́ tí yóò fèsì. Bí ọ̀rọ̀ bá sì gba ẹ̀yìn wá, kò gbọdọ̀ wádìí ẹni tí ó sọ ọ́. Ẹni tí ó ní ọ̀rẹ́ ní gbogbo àdúgbò lè mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyẹn gan-an ni ẹ̀rù sì ṣe ń ba àwọn ènìyàn.

Ní ọdún 2011, Adam Grant, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ilé ìtajà pizza ní Amẹ́ríkà. Níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń dúró de àṣẹ, ọ̀gá ọlọ́yàyà ni èrè rẹ̀ pọ̀ jù. Níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń mú àbá wá fúnra wọn, èrè tirẹ̀ ni ó kéré jù, nítorí pé kì í fi bẹ́ẹ̀ gba àbá wọn wọlé. Irú ibi kejì yìí ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, nítorí pé ẹgbẹ́ ni gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tí ó wá síbẹ̀ láti gbàṣẹ.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n máa ń di yìnyín lẹ́yìn ìbáwí, tí wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni mọ́ bí ó ti yẹ. Ìyẹn náà kò dára. Kí wọ́n máa fi ọ̀yàyà wọn parí ìjà, kí wọ́n fi gba gbèsè, kí wọ́n fi wá ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ti yẹra padà, kí wọ́n sì jẹ́ kí akọ̀wé máa ka àbá àwọn ènìyàn jáde kí alága tó la ẹnu rárá.