Bí Sítátà Alùpùpù Bá Kọ̀ Lọ́nà Oko

Ẹ tẹ bọ́tìnnì sítátà, ó dún "kẹ́" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dákẹ́. Bó bá jẹ́ ọ̀nà oko Iperindo tàbí Itagunmodi lẹ wà, tí àpò kòkó sì wà lẹ́yìn yín, ẹni àkọ́kọ́ tó bá kọjá yóò ní sítátà ti jó. Ẹ má tíì gbà. Lórí alùpùpù tó ń wọ ẹrẹ̀, ìṣòro bátìrì, ẹnu wáyà àti áàtì (wáyà tó ń dá iná padà sí bátìrì) wọ́pọ̀ ju ti sítátà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ wá ibi tí iná ti ń sọnù kí owó tó jáde lápò.

Ọ̀nà méjì ni iná ń gbà. Iná ńlá ń gba wáyà tó nípọn: láti orí bátìrì sí rìlé (súwíìṣì tí iná kékeré ń jí kí iná ńlá lè kọjá), láti rìlé sí sítátà, yóò wá gba ara ẹ́ńjìnnì àti wáyà áàtì padà sí bátìrì. Iná kékeré ń gba wáyà tín-ín-rín: fúúsì, kọ́ńtàkì, bọ́tìnnì tí ẹ ń tẹ̀, àti àwọn súwíìṣì tó wà nídìí kúlọ́ọ̀ṣì, jíà àti sítáàńdì. Iṣẹ́ iná kékeré yìí kò ju kó jí rìlé lọ. Tí ẹ bá ti mọ èyí tó kú nínú méjèèjì, iṣẹ́ ti dé ìdajì.

Etí ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Tí kò bá dún rárá, ọ̀nà kékeré ni kí ẹ lọ wò. Ẹ yọ fúúsì wò, ẹ fa kúlọ́ọ̀ṣì dáadáa, ẹ ká sítáàńdì sókè, ẹ fi jíà sí níútírà. Ẹrẹ̀ máa ń dí súwíìṣì sítáàńdì débi pé alùpùpù á rò pé sítáàńdì ṣì wà nílẹ̀. Tó bá ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́ léraléra, bátìrì ti rẹ̀, tàbí orí rẹ̀ ti tú: rìlé gbá, iná já wálẹ̀, rìlé jáwọ́, iná padà, ó tún gbá. "Kẹ́" ẹyọ kan fi hàn pé rìlé jí, ṣùgbọ́n iná tó dé sítátà kò tó, tàbí sítátà ti há. Tí ẹ bá wá gbọ́ tí sítátà ń yí fùùù, tí ẹ́ńjìnnì kò sì mira, iná kò lẹ́jọ́ níbẹ̀. Kúlọ́ọ̀ṣì sítátà (èyí tó so sítátà mọ́ ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe èyí tí ẹ ń fi ọwọ́ fà) tó wà lẹ́yìn mágínẹ́tò, ohun tó ń pèsè iná, ló ti ń yọ̀. Ìyẹn di ṣíṣí ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì.

Mítà iná olówó pọ́ọ́kú tó fún àwọn ìdíwọ̀n tó kù. Ẹ gbé e sí DC 20, ibi tó ń ka fóòtì bátìrì. Bátìrì 12 fóòtì tó ti sinmi fún wákàtí mélòó kan yẹ kó ka 12.6 sí 12.8. Tó bá kéré sí 12.2, ẹ kọ́kọ́ ṣáájì rẹ̀ kí ẹ tó dán ohunkóhun mìíràn wò. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì nígbà tí mítà wà lórí bátìrì. Kò yẹ kó kéré sí 10 púpọ̀. Èyí tó já sí 8 tàbí 7 lẹ́yìn tó ti gba ṣáájì kún ti gbó, àyàfi tí sítátà tó há bá ń fà á wálẹ̀.

Bí bátìrì bá dára, ẹ lé iná náà lójú ọ̀nà. Ẹ fi ẹnu mítà pupa kan òjé orí pósítíìfù gan-an (kì í ṣe tẹ́míná tó dì í mú), kí dúdú kan bóòtù orí sítátà, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì. Iye tí mítà bá kà ni iná tó ń ṣòfò lọ́nà. Tó bá ju 0.5 lọ, ibì kan ti dọ̀tí tàbí tú. Fún ọ̀nà áàtì, pupa kan ara sítátà, dúdú kan négátíìfù bátìrì. Ìyẹn kò yẹ kó ju 0.3 lọ.

Áàtì yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ilẹ̀ pupa Ìjẹ̀ṣà máa ń lẹ̀ mọ́ bóòtù tó de wáyà áàtì mọ́ ẹ́ńjìnnì. Lójú, bóòtù le koko. Ẹ tú u: ẹ ó rí i pé abẹ́ tẹ́míná ti pọ́n, etí rẹ̀ ti ní àwọ̀ ewé, amọ̀ tó gbẹ sì ti di ìpele sí àárín irin méjèèjì. Iná kékeré lè gbabẹ̀ kọjá, iná ńlá kò lè rí ọ̀nà. Ẹ fi sáńpépà ha tẹ́míná àti ojú ẹ́ńjìnnì títí wọn yóò fi dán, ẹ dì í padà, kí ẹ tó wá fi gírísì bò ó lókè. Bákan náà ni ti orí bátìrì. Omi gbígbóná ń fọ èérí funfun ibẹ̀ kúrò.

Láti mọ̀ bóyá rìlé ló kú, jíà gbọ́dọ̀ wà ní níútírà, kí ibẹ̀ má sì rùn fún epo rárá, torí yóò tanná. Ẹ fi sikurudáfà tó nípọn, tó ní ọwọ́ rọ́bà, so bóòtù ńlá méjì orí rìlé pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí sítátà bá yí, rìlé tàbí ọ̀nà kékeré ló ní ìṣòro. Tí kò bá yí, tí wáyà ńlá sì dára, ìgbà yìí ni ẹ lè tú sítátà.

Kí ẹ tó tú u, ẹ yọ négátíìfù bátìrì kúrò. Òun náà ni ẹ ó dá padà kẹ́yìn. Ẹ fi ìṣó fa ìlà láti ìdérí dé ara sítátà kí ẹ lè tò ó bó ṣe wà. Ẹ ka àwọn wọ́ṣà pẹlẹbẹ tó wà ní orí àti ìdí, ẹ rántí apá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Kábọ́ọ̀nù (ẹyọ dúdú tó ń gbé iná fún bàbà tó ń yí nínú sítátà) tó ti jẹ kù sí ìdajì gígùn tuntun kò yẹ fún ìdápadà. Ẹ fi sáńpépà 400 tàbí 600 dán bàbà tí kábọ́ọ̀nù ń gùn, ẹ má lo èyí tí wọ́n fi ń ha irin, nítorí lẹ́bú rẹ̀ lè gbé iná. Ẹ fi abẹ́rẹ́ fa ìdọ̀tí inú ihò tó la bàbà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Ẹ yí mítà sí ibi tó ti ń dún: bàbà sí bàbà gbọ́dọ̀ dún. Bàbà sí irin àárín kò gbọdọ̀ dún rárá. Tó bá dún, sítátà yẹn ti jó lóòótọ́.

Ẹ má fi òòlù lu sítátà. Mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ máa ń fọ́ wẹ́wẹ́. Tí ẹ bá fi igi gbá a jẹ́jẹ́ tó sì ṣiṣẹ́, kábọ́ọ̀nù ti fẹ́ tán. Ẹ tètè pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá ń to sítátà padà, ẹ fi rọ́bà róbótó tuntun sí i, ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á. Rọ́bà yẹn ni kì í jẹ́ kí omi wọlé. Sítátà tó gbóná tó bá kó sódò lójijì máa ń fa omi wọ inú bó ṣe ń tutù. Ìdí nìyí tó fi dára kí ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ kí ẹ tó la odò kọjá, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń fọ alùpùpù kó má darí omi alágbára sí sítátà, rìlé tàbí bátìrì.

Tí bátìrì bá ń kú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fún un níná dáadáa, ẹ wọn orí bátìrì: 13.8 sí 14.5 ló dára. Tó bá kéré sí 13, ẹ yẹ mágínẹ́tò àti rẹ́gúlétọ̀ (ohun tó ń ṣàkóso iná tó ń lọ sí bátìrì) wò. Tó bá ju 15 lọ, rẹ́gúlétọ̀ ti bàjẹ́, yóò sì se bátìrì gbẹ. Bátìrì olómi, omi tí a ti sè kó oru ni ẹ ó fi kún un dé àárín ìlà méjèèjì. Kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe piọ wọ́tà, kì í ṣe ásíìdì.

Ẹ má tẹ bọ́tìnnì ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, kí ẹ sì dúró tó 30 kí ẹ tó tún tẹ̀. Láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ fa kúlọ́ọ̀ṣì kódà ní níútírà, ọ́ìlì tó ti ki kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Sípánà 10, sáńpépà díẹ̀ àti fúúsì àpọ́jù kan tó láti mú lọ oko. Nọ́ńbà fúúsì náà gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà níbẹ̀ mu: tí ẹ bá fi 20 rọ́pò 10, wáyà ni yóò jó kí fúúsì tó já.