Bí mo ṣe ka ìṣe odíderẹ́ mi

Odíderẹ́ tí mo ń tọ́jú ti fa ìyẹ́ àyà rẹ̀ tu títí awọ fi hàn. Ìkóóde ìdí rẹ̀ nìkan ló ṣì pé. Mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá dókítà ẹran, torí àìsàn pẹ̀lú lè mú ẹyẹ máa tu ìyẹ́. Dókítà ò rí nǹkan kan. Ó ní kí n lọ wo bí ọjọ́ ẹyẹ náà ṣe ń lọ.

Mo ra ìwé, mo jókòó tì í. Ohun tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta kọ, mo dà á nù. "Inú ń bí i", "àárò ń sọ ọ́". Ta ló sọ fún mi? Ohun tí ojú rí ló yẹ kí n kọ: ó jẹun, ó gun igi, ó pariwo, ó dúró jẹ́ẹ́, ó tu ìyẹ́. Títu tún yàtọ̀ sí títún ìyẹ́ ṣe. Mo fi òfin dè é: bí ìyẹ́ ò bá já bọ́, kì í ṣe títu.

Lọ́dún 1974 ni Jeanne Altmann, onímọ̀ nípa ìṣe ẹranko, ti kọ̀wé lórí bí èèyàn ṣe lè máa wo ẹranko tí kò fi ní jẹ́ pé ohun tó bá dùn ún wò nìkan ni yóò kọ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú ọ̀nà wọ̀nyẹn ni mo lò. Bí aago bá ti dún ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ohun tí ẹyẹ ń ṣe gan-an nígbà yẹn ni mo ń sàmì sí, wákàtí kan láàárọ̀, wákàtí kan nírọ̀lẹ́. Àmì 168 lọ́sẹ̀ kan nìyẹn. Fóònù ni mo gbé kalẹ̀ kó máa ya fídíò, torí bó bá ti rí mi, orí ló ń tẹ̀ síwájú pé kí n bá òun họ ọ́.

Títu gba 41. Ìrọ̀lẹ́ ni mo ti fọkàn sí, àmọ́ 33 nínú rẹ̀ jẹ́ ti àárọ̀, lẹ́yìn tí abọ́ bá ti gbófo. Nínú igbó, ọ̀pọ̀ wákàtí ni odíderẹ́ fi ń wá oúnjẹ kiri. Tèmi ń jẹ tirẹ̀ tán kí n tó fọ abọ́ omi.

Mo wá ń fi bébà funfun di oúnjẹ, mo ń ki òmíràn sínú ihò igi. Ìdajì ṣì wà nínú abọ́, kí ebi má baà pa á. Lọ́jọ́ kìíní, ó rí bébà, ó figbe ta, ó sá lọ sí ìkángun. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó ti ń fi ẹsẹ̀ kan di bébà mú, ó ń fi ẹnu ya á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo fún un lọ́sẹ̀ kan kó fi mọ́ra, kí n tó tún kà.

Mo rí 18. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fẹ́ kó dín kù, èmi náà ni mo sì ń kà á, nítorí náà mo ní kí ọ̀rẹ́ mi kan bá mi wo fídíò láìsọ ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ fún un. Àṣé bébà ń hàn nílẹ̀ kedere, ó sì lè fi mọ ọ̀sẹ̀ náà! Síbẹ̀, ó wò ó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún nìkan ni a ti jiyàn: mo ní títún ni, ó ní títu ni. A dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyẹ́ kékeré kan já bọ́ lóòótọ́. Mo pa 18 rẹ́, mo kọ 19.