Ìwé Àjákọ Tí Mo Kọ fún Àbúrò Mi Kó Tó Wọ Abẹ́ Omi

Nígbà tí wọ́n mú àbúrò mi ọkùnrin fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ amòòkùn, tayọ̀tayọ̀ ló fi gbé lẹ́tà náà wálé. Ìwé ẹ̀kọ́ tó bá lẹ́tà wá ló gba ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni látòkèdélẹ̀, irú èyí tí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò gbọ́: ATA, MOD, NDL, BCD, deco. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n dán an wò. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìkòròdú níbí, n kò sì wọ omi tó kọjá orúnkún rí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí màmá wa ti gbọ́ nípa iṣẹ́ náà ló ti ń sọ ọ́ láàárọ̀ lálẹ́ pé ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Èmi náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí kò bá yé ọmọ yìí lórí ilẹ̀, abẹ́ omi kọ́ ni yóò ti yé e. Mo ra ìwé àjákọ olójú ewé 80. Mo pinnu pé lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, n ó kọ ìdáhùn sí ìbéèrè méjì: kí ló ń ṣe sí èémí rẹ, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ bí o bá gbàgbé?

Mo tún wá olùkọ́ fún ara mi. Bàbá Ìbejì ni, àbúrò bàbá wa, tó ti wa yanrìn lórí ọ̀sà fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ẹ ti rí wọn, àwọn tó ń ta ìgbòkun sórí ọkọ̀ igi tí yanrìn kún débi pé etí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. Wọ́n á ri àkàsọ̀ gígùn mọ́lẹ̀, wọ́n á di èémí, wọ́n á mú garawa, ó di ìsàlẹ̀. Wọ́n á wa á kún, wọ́n á gùn ún bọ̀, wọ́n á dà á sínú ọkọ̀, wọ́n á tún padà. Etí ọ̀tún Bàbá Ìbejì kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ẹ gbọ́dọ̀ jókòó sí òsì rẹ̀.

Scuba fúnra rẹ̀ la fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún ni wọ́n kó jọ, ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé ẹni tó wọ omi gbé afẹ́fẹ́ tó máa mí sẹ́yìn ara rẹ̀, kò gbára lé ẹnikẹ́ni lókè. Ní ọdún 1943, Jacques Cousteau àti Émile Gagnan ṣe irú èyí tó ń fúnni ní afẹ́fẹ́ kìkì ìgbà tí a bá fà á ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀nà kejì ni kí afẹ́fẹ́ máa gba inú okùn rọ́bà wá láti orí ọkọ̀. Orúkọ tí wọ́n fún okùn náà dùn mọ́ mi: ìwọ́ ni wọ́n ń pè é, bíi ti ọmọ inú oyún.

Rẹ̀gúlétọ̀ kò pẹ́ yé wa. Ẹni tó bá ń fi gáàsì se oúnjẹ ti rí i lórí sìlíńdà ilé rẹ̀: ohun tó wà nínú sìlíńdà le ju èyí tí sítóòfù lè gbà lọ, rẹ̀gúlétọ̀ ló ń rọ̀ ọ́. Ti amòòkùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìpele méjì, ọ̀kan lórí sìlíńdà, ọ̀kan lẹ́nu. Kí ẹ lè mọ bí ó ti ń le tó, fọkanáísà ìkóríta wa máa ń fẹ́ táyà mọ́tò dé nǹkan bí 32 lójú ohun ìwọ̀n rẹ̀. Sìlíńdà amòòkùn tó kún ń tó 3,000 lójú irú ohun ìwọ̀n kan náà, òun ni wọ́n ń pè ní bar 200. Èyí tó wà lẹ́nu a wá rọ̀ ọ́ títí tí agbára rẹ̀ yóò fi bá ti omi tó yí ènìyàn ká dọ́gba. Mo fa ìlà sí gbólóhùn ìkẹyìn yìí nídìí, torí òun ló gbé gbogbo ìyókù ró.

ATA ló fẹ́ dá wa dúró. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa ní ìwúwo, a kò kàn mọ̀ ọ́n lára ni, torí inú rẹ̀ la bí wa sí. Ìwúwo yẹn ni wọ́n kà sí ATA 1. Nínú òkun, mítà 10 kọ̀ọ̀kan ń fi 1 mìíràn lé e: mítà 10 jẹ́ 2, mítà 20 jẹ́ 3, mítà 30 jẹ́ 4. Bí ó bá ti di 2, afẹ́fẹ́ a súnkì di ìdajì. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Robert Boyle, ti kọ òfin yìí sílẹ̀ láti ọdún 1662. Àbúrò mi há a sórí, ó ń kà á bí orin, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé kò yé e.

Ni Bàbá Ìbejì bá ní ká wá sí èbúté ní Sátidé. Mo mú ike omi òfìfo onílítà kan ààbọ̀ méjì dání. A so òkúta mọ́ okùn, a jù ú sí ẹ̀gbẹ́ àkàsọ̀, mo sì fi téèpù télọ̀ wọ̀n ọ́n: ó ku díẹ̀ kó pé mítà 5. Bàbá Ìbejì da ẹnu ike àkọ́kọ́ kodò láìdé e, afẹ́fẹ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀, ó sì gbé e sọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yanrìn, ó dé ọmọrí rẹ̀ níbẹ̀, ó dé e le dáadáa, ó sì gùn ún bọ̀.

Omi ti wọ inú ike. Mo fojú wọ̀n ọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì lítà, ìdá kan nínú mẹ́ta ike náà. Mítà 5 jẹ́ 1.5, afẹ́fẹ́ tó kún lítà kan ààbọ̀ lókè sì ti súnkì di lítà kan nísàlẹ̀, omi wá gba àyè tó kù. Ìṣirò inú ìwé bọ́ sí wa lọ́wọ́. Àbúrò mi tẹ ike náà, ó le gbagidi bíi míńírà tí wọn kò tíì ṣí. Ó yí ọmọrí rẹ̀ díẹ̀, ó sì pariwo: ṣììì! Afẹ́fẹ́ tí wọ́n dé mọ́ ìsàlẹ̀ ń wá àyè rẹ̀ àtijọ́.

Mo bi Bàbá Ìbejì léèrè pé bí ẹ̀dọ̀fóró bá jẹ́ ike yìí ńkọ́? Wọ́n ronú díẹ̀. Wọ́n ní, "Tèmi kò lè rí bẹ́ẹ̀. Èémí tí mo gbé láti òkè ni mo gbé padà." Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Èémí ẹni tó ń wa yanrìn ń súnkì bó ti ń lọ, ó sì ń padà sí ìwọ̀n rẹ̀ bó ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé sìlíńdà, ìsàlẹ̀ ló ti fa èémí, ó sì fà á kún. Bí ó bá sé e mọ́nú tó ń gòkè, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni ike tí a dé. Ó lè ya, kí afẹ́fẹ́ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kó sì gun ọpọlọ lọ. Embolism ni wọ́n ń pè é. Omi tí kò jìn ju mítà mélòó kan lọ tó láti fà á.

Ìdí nìyí tí òfin àkọ́kọ́ scuba fi jẹ́ pé: má ṣe sé èémí, máa mí lọ. Ọ̀dọ̀ Bàbá Ìbejì ni àbúrò mi ti kọ́ láti kékeré pé kó di èémí rẹ̀ mú. Ohun tó sọ ọ́ di akọni lórí ọ̀sà ni ohun tó lè pa á lẹ́nu iṣẹ́ tuntun. Mo kọ ọ́ sí ojú ewé kan lódidi, n kò kọ ohun mìíràn tì í. Bàbá Ìbejì fúnra wọn ló pe ọmọ náà jókòó tí wọ́n sọ fún un pé, "Ohun tí mo kọ́ ọ, fi í sílẹ̀ sórí ọkọ̀ mi."

A kọjá sí etí. Inú etí náà ní afẹ́fẹ́, lẹ́yìn ìlù etí. Bí ènìyàn bá ń sọ̀kalẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn ń súnkì, omi sì ń ti ìlù etí wọnú. Squeeze ni wọ́n ń pe ìrora náà. Ìwòsàn rẹ̀ ni equalise: fún imú, pa ẹnu dé, kí o rọra fẹ́ èémí sí imú tí o fún títí tí etí yóò fi ró "pó". Antonio Valsalva, oníṣègùn ará Ítálì, ni wọ́n fi sọ orúkọ rẹ̀. Kí ìrora tó dé ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, láti mítà àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń súnkì jù. Ẹni tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe, kó má wọ omi lọ́jọ́ náà. Bàbá Ìbejì gbọ́ eléyìí, wọ́n dákẹ́. Fún gbogbo ọdún yẹn, ṣe ni wọ́n ń forí ti ìrora náà, wọ́n rò pé bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náítrójìn ló gbà wá lákòókò jù. Nǹkan bí ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí ni. Lókè kò ṣe wá ní nǹkan kan. Nísàlẹ̀, tí ìtẹ̀, ìyẹn ìwúwo tí à ń fi ATA kà, bá pọ̀, ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara, ó ń yó síbẹ̀. Bí a bá gòkè díẹ̀díẹ̀, á gba inú èémí jáde. Bí a bá yára gòkè, á hó nínú ara bíi ẹmu inú ike tí wọ́n jù jìgìjìgì nínú mọ́tò kí wọ́n tó ṣí i. Àwọn òṣìṣẹ́ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ afárá lábẹ́ omi ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́ ló kọ́kọ́ sọ àìsàn náà ní bends, torí ìrora oríkèé ń tẹ̀ wọ́n kò. Washington Roebling tó ṣe olórí iṣẹ́ afárá Brooklyn kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní 1908, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, John Scott Haldane, gbé àtẹ ìṣirò àkọ́kọ́ jáde tó sọ bí a ó ṣe máa dúró kí a tó gòkè. Ewúrẹ́ ló fi dán an wò.

Ìtàn Harrison Okene ló jẹ́ kó yé àbúrò mi pátápátá. Alásè ni nínú ọkọ̀ Jascon-4 tó rì létíkun wa ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013. Àwọn 12 ni wọ́n wà nínú rẹ̀, òun nìkan ló yè. Nǹkan bí 60 wákàtí ló lò nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sínú yàrá ọkọ̀ náà, ní nǹkan bíi mítà 30 sísàlẹ̀. Nígbà tí àwọn amòòkùn bá a níbẹ̀, wọn kò lè kàn fà á sókè kí ayọ̀ ṣubú layọ̀. Ìtẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin ló ti ń mí láti ìgbà tí ọkọ̀ ti rì, ara rẹ̀ ti gba náítrójìn débi tí kò lè gbà mọ́. Saturation nìyẹn. Yàrá irin tí wọ́n ti ń dín ìtẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, ó sì lé ní ọjọ́ méjì kó tó jáde. Òun náà padà di amòòkùn. Màmá wa ní kí n ka ìtàn yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn èyí, NDL kò le mọ́: iye ìṣẹ́jú tí o lè lò ní ìjìnlẹ̀ kan kí o ṣì lè gòkè tààrà. Tí o bá kọjá rẹ̀, o ti jẹ gbèsè, ó di kí o dúró san án lójú ọ̀nà. Deco stop ni ibi ìdúró náà. Wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ceiling, àjà, tí kò sí lójú: omi mọ́ kedere lókè orí rẹ, o ń rí ìdí ọkọ̀, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ kọjá àjà yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń gbafẹ́ lábẹ́ omi àti ẹni tó ń ṣe technical diving, irú èyí tó ń kọjá NDL. Fún ti èkejì, òkè kì í ṣe ibi ìsádi mọ́. Bí wàhálà bá dé, nísàlẹ̀ ló ti máa yanjú rẹ̀.

Mo ṣàṣìṣe kan tó yẹ kí n sọ. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ́síjìn ló wà nínú sìlíńdà, bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ ọ́. Rárá o. Afẹ́fẹ́ lásán ló sábà máa ń wà níbẹ̀, tí wọ́n fún pọ̀. Ọ́síjìn fúnra rẹ̀ a máa fa gìrì bí ìtẹ̀ bá pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ gìrì lábẹ́ omi, ikú ni, torí rẹ̀gúlétọ̀ á bọ́ lẹ́nu. MOD ni ìjìnlẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ kọjá. A ṣe ti nitrox 32, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ ìdá 32 nínú 100: 1.4 ni ìtẹ̀ ọ́síjìn tí a kò gbọdọ̀ kọjá, fi 0.32 pín in, ó jẹ́ 4.375. Yọ 1 tí í ṣe ti òkè, fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀, ó ku díẹ̀ kó pé mítà 34. Ọ́síjìn gidi kò gbọdọ̀ ju mítà 6 lọ, bí wọ́n tilẹ̀ ń dúró san gbèsè náítrójìn ni. Mo fi bírò pupa fagi lé ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀.

Òfin ìdá mẹ́ta, ti àwọn tó ń wọ ihò àpáta, Bàbá Ìbejì ti mọ̀ ọ́n kí n tó kà á tán: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan fún ohun tí ojú kò tíì rí. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ṣe ń pín agbára àwọn bí àwọn bá ń wa ọkọ̀ kọjá ọ̀sà, torí ìjì.

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn kò sí nínú ẹnu, ìka ló wà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kó wọn wọ omi, olùkọ́ wo ojú àbúrò mi bóyá ara rẹ̀ le, òun náà na àtàǹpàkò sókè pé ó dáa. Kíá ni olùkọ́ mú un gòkè. Lábẹ́ omi, àtàǹpàkò tí a nà sókè ń sọ pé "ó tó, ẹ jẹ́ ká lọ sókè." Ẹni tí ara rẹ̀ bá le, kó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ṣe òrùka. Bó ṣe dé ilé ló gba ìwé àjákọ lọ́wọ́ mi, ó ya ọwọ́ méjèèjì sí ojú ewé ìkẹyìn. Ó yege ìdánwò náà.

Bàbá Ìbejì kò jẹ́ kí n ṣí ike kejì tí wọ́n dé nísàlẹ̀. Ó wà lójú fèrèsé wọn. Wọ́n wá béèrè ohun kan lọ́wọ́ mi: kí n bá wọn kọ ọ̀rọ̀ etí yẹn sára àkàsọ̀ fún àwọn ọmọkùnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. A kọ́kọ́ jiyàn lé e. Wọ́n ní, "Ọwọ́ kan di àkàsọ̀ mú, ọwọ́ kejì mú garawa, ọwọ́ wo ni wọ́n á fi fún imú?" N kò rí èsì fún wọn. Àbúrò mi ló mú okùn, ó so ó mọ́ ìdímú garawa, ó gbé e kọ́ èjìká, ọwọ́ kan sì ṣófo. Mo wá fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sí igi ìtẹ̀sẹ̀ kejì àkàsọ̀ náà, níbi tí omi ti ń bá àgbọ̀n: FÚN IMÚ, RỌRA FẸ́ Ẹ, KÓ TÓ DÙN Ọ́.