Bíìlì Cloud Kì Í Sùn: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàrin Àwọn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀

Oṣù tuntun kì í mọ́ kí fóònù mi má dún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí, wọ́n ti jí owó mi lórí cloud." Kò sẹ́ni tó jí owó ẹ, àbúrò. Ìwọ lo tan nǹkan sílẹ̀ tí o ò pa á, ẹni tó ni ín sì ń ka wákàtí. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fi bó, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí cloud jẹ́. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíì ni, tí wọ́n tò sínú ilé ńlá ní Virginia, ní Ireland tàbí ní Cape Town, tí wọ́n wá fi sọ́fítíwíà pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà púpọ̀ kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè máa yá a lò lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2006 ni Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í fi tirẹ̀, tí à ń pè ní AWS, yáni: S3 tí à ń kó fáìlì sí jáde ní oṣù kẹta, EC2 tí í ṣe kọ̀ǹpútà ayálò tẹ̀lé e ní oṣù kẹjọ. Látìgbà náà, ẹni tó bá ti ní káàdì báǹkì lè ní server, ìyẹn irú kọ̀ǹpútà ayálò bẹ́ẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó ṣe rọrùn láti tàn yẹn gan-an ló ń kó bá yín.

1. Fífi root, ìyẹn orúkọ àkọ́kọ́ tó ní gbogbo agbára lórí àkáǹtì, ṣe gbogbo iṣẹ́. Tan MFA (ẹ̀rí kejì tí wọ́n ń béèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà) sí i, dá orúkọ mìíràn tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, kí o sì fi root sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

2. Kíkọ kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì (ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí kóòdù fi ń wọ àkáǹtì ẹ) sínú kóòdù, kí o tún wá gbé kóòdù náà sí GitHub níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Àwọn róbọ́ọ̀tì kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa wá irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ kiri tọ̀sán-tòru. Kí o tó jẹun tán, wọ́n ti fi tìẹ ṣí àwọn server gìrìwò ní region (agbègbè tí ilé server wọn wà) tí o ò dé rí, wọ́n ń fi í wa crypto. Kò sí àǹfààní nínú kí o pa fáìlì náà rẹ́ ní commit (ìfipamọ́ àyípadà) tó tẹ̀lé e, torí Git, sọ́fítíwíà tí GitHub dúró lé, ń tọ́jú gbogbo ohun tí o ti kọ sẹ́yìn. Kọ́kọ́rọ́ náà gan-an ni kí o fagi lé, lójú ẹsẹ̀.

3. Gbígbé server sí Virginia nítorí pé òun lo kọ́kọ́ rí. Oníbàárà ẹ ń bẹ ní Ìbàdàn, dátà ẹ ń sọdá Òkun Àtìláńtíìkì lọ bọ̀, o wá ń bú MTN. Microsoft ti wà ní Johannesburg láti 2019, AWS ní Cape Town láti 2020, Google náà dé Johannesburg ní 2024. AWS tún ní Local Zone (ẹ̀ka kékeré region) ní Èkó láti 2023, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú iṣẹ́ wọn ló wà níbẹ̀. Má kàn sáré kó lọ Cape Town o, torí iye tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ ju ti Virginia lọ. Fi fóònù ẹ àti dátà ẹ dán méjèèjì wò ná, kí o tó yàn. Kí o sì rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, nígbà tí okùn íńtánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Àwọn server tó wà lókè òkun lọ́jọ́ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwa la ò rọ́nà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ó wá ku èyí tó ń bí mi nínú jù lọ. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti stop gbogbo ẹ̀."

Stop kì í ṣe ìparí. Bí ìgbà tí a yá àga àti kánópì fún òde ni: nígbà tí o stop server, àwọn àlejò ti dìde nílẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ṣé o ti dá àga padà? Ó ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé ẹ, olówó rẹ̀ sì ń kà á. Lórí AWS, owó kọ̀ǹpútà máa ń dúró lóòótọ́ bí o bá stop EC2, ṣùgbọ́n díìsìkì rẹ̀ ń jẹ owó lọ. Àdírẹ́sì IP tí o gbà sílẹ̀ náà ń jẹ dọ́là 0.005 ní wákàtí kan. Bí o bá tilẹ̀ terminate rẹ̀, ìyẹn pa á rẹ́ pátápátá, díìsìkì tí o so mọ́ ọn lẹ́yìn àti snapshot (ẹ̀dà díìsìkì) gbogbo lè ṣẹ́kù síbẹ̀, láìsí ẹni tó ń lò wọ́n.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni NAT gateway, ẹnu-ọ̀nà tí server tó wà ní ìkọ̀kọ̀ ń gbà jáde sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Dọ́là 0.045 ni wákàtí kan ní Virginia. Ó kéré lójú, àbí? Ó ju dọ́là 32 lọ lóṣù, bí ẹnikẹ́ni ò bá tiẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, torí owó gígábáìtì tó bá gba ibẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́tọ̀. Ọmọkùnrin kan ní Yábàá wo fídíò kan, ó ṣe gbogbo ohun tí olùkọ́ inú fídíò ṣe: NAT gateway méjì, load balancer (tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn server), ohun gbogbo pé. Kí ni ó fẹ́ gbé sórí ẹ̀? Ojú-ìwé kan tí yóò máa fi iye mọ́ínmọ́ín àti ọ̀fadà hàn fún àǹtí rẹ̀ tó ń ta oúnjẹ! NAT méjèèjì nìkan ń jẹ bíi dọ́là 65 lóṣù. Ó ti stop server ní tirẹ̀, ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. NAT kò ní bọ́tìnì stop. O ní láti pa á rẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ sí náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní iye ti ìjọba. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Dọ́là 65 tí ì bá gbé bíi 30,000 náírà lọ ti wá ń gbé bíi 97,500, server kò sì fi ohunkóhun yàtọ̀. Ìyàwó mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo lè rántí díìsìkì oníbàárà ní Cape Town, ṣùgbọ́n mi ò lè rántí pa iná balùwẹ̀ ilé wa. Ó tọ̀nà. NEPA ò kúkú ń gba dọ́là.

Àwọn kan á ní àwọn ti gbé budget (ààlà owó tí AWS yóò fi kìlọ̀) dọ́là 10 kalẹ̀. Ó dáa, ṣùgbọ́n bí o kò bá fúnra ẹ ṣètò ohun tí yóò ṣe, ímeèlì lásán ni yóò fi ránṣẹ́. Iye tí o ń rí lójú console (ojú-ìwé tí o fi ń darí àkáǹtì) pàápàá máa ń pẹ́ ní wákàtí mélòó kan kó tó bá òótọ́ mu. Ímeèlì náà sì ń lọ sí Gmail tí o fi ṣí àkáǹtì, tí o ò ṣí mọ́.

"Káàdì mi ti ṣófo, kí ni wọ́n fẹ́ rí mú?" Gbèsè ni wọ́n á kọ sí ẹ lọ́rùn. Wọ́n á ti àkáǹtì náà pa, bó bá sì pẹ́, fáìlì ẹ á bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ náà ń kọ́? Wákàtí 750 lóṣù tí AWS ń fún àwọn àkáǹtì àtijọ́ lọ́dún àkọ́kọ́ kò ju ti server kékeré kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Tan méjì, o ti wọ gbèsè. Àwọn tó ṣí tiwọn láti àárín oṣù keje 2025 ń gba owó ìlò tó lè tó dọ́là 200; ètò ọ̀fẹ́ náà sì máa ń parí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tàbí kó tó dìgbà náà bí owó náà bá tán.

Kíkó dátà wọlé kò gba owó, kíkó o jáde ló ń gbà á: dọ́là 0.09 ní gígábáìtì kan láti Virginia, lẹ́yìn 100 àkọ́kọ́ lóṣù. Ẹni tó fẹ́ máa fi fídíò han èèyàn, kó gbọ́.

Kubernetes, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ server pọ̀, fún ojúlé wẹ́ẹ̀bù ilé ìjọsìn? Ti AWS ń gba dọ́là 0.10 ní wákàtí kan, bíi dọ́là 73 lóṣù, kí o tó gbé server kankan síbẹ̀. Yá VPS, ìyẹn server kékeré tí owó rẹ̀ kì í yí padà lóṣù, kí o lọ sinmi.

Ẹni tó sì rò pé ohun tó bá ti wà lórí cloud kò lè sọnù, kó bi àwọn oníbàárà OVHcloud, ilé iṣẹ́ cloud kan ní Faransé. Ọjọ́ 10 oṣù kẹta 2021, iná jó ilé server wọn kan run ní Strasbourg. Àwọn kan tí ẹ̀dà fáìlì wọn wà nínú ọgbà kan náà pàdánù rẹ̀ pátápátá. Fi ẹ̀dà sí region mìíràn, kí o sì gbìyànjú láti dá a padà nígbà tí ara ṣì rọ̀ ọ́. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni ò dá padà rí, mi ò kà á kún ẹ̀dà.

Bí bíìlì bá ti wá já lu ẹ lórí, wo region kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ojú-ìwé EC2 kì í fi gbogbo wọn hàn pọ̀. Ohun tí o ń wá lè wà ní São Paulo. Cost Explorer á fi èyí tó ń jẹ owó hàn ẹ́. Pa á rẹ́, kí o wá ṣí case (ẹ̀bẹ̀ ìrànlọ́wọ́) ní abala billing inú console: kọ ọjọ́ tí o tàn án, ohun tí o fẹ́ fi ṣe, àti ọjọ́ tí o pa á rẹ́. Wọ́n máa ń dárí owó ji àwọn kan nígbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n pa nǹkan ọ̀hún rẹ́ ná, kí o tó kọ ìwé.