Bí a ṣe to àwọn adarí ẹgbẹ́ wa kí láptọ́ọ̀pù kan tó wọ ilé-ẹ̀kọ́

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa kò lọ́jú pọ̀. A ń gba láptọ́ọ̀pù àlòkù lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ tó fẹ́ pààrọ̀ tiwọn, a ń tún un ṣe, a sì ń gbé e lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba ní ìgbèríko Ìbàdàn, lápá Lágelú àti Akínyẹlé, níbi tí ọmọ ti lè kàwé dé SS3 láì fọwọ́ kan kíbọọ̀dù rí. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti kó gbogbo ìdánwò UTME sórí kọ̀ǹpútà, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní ọ̀rọ̀ fàájì. Bí a ṣe to àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ irú ẹgbẹ́ báyìí ti ń dàrú. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ìwé owó, páásíwọ́ọ̀dù àti kọ́kọ́rọ́ wà, ọjọ́ tí ẹni yẹn bá jápa ni ó parí.

Ohun tí a kọ́kọ́ yanjú ni ta ni yóò jẹ́ trustee, ìyẹn àwọn tí orúkọ wọn yóò wà lórí ìwé-ẹ̀rí CAC (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀), tí wọ́n á máa di dúkìá ẹgbẹ́ mú lójú òfin. Bí a bá ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ọba, olóyè, káńsẹ́lọ̀ àti pásítọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Ẹ fi wọ́n ṣe bàbá ìsàlẹ̀, ẹ kọ orúkọ wọn sórí lẹ́tà, ẹ pè wọ́n síbi ìfilọ́lẹ̀. Ẹ má ṣáà fi ẹni tí kò ní ráyè wá sí ìpàdé ṣe trustee. Lábẹ́ CAMA 2020, òfin tó de iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà, kí ẹ tó pààrọ̀ trustee kan, ẹ máa pe ìpàdé gbogboogbò, ẹ máa ṣe ìpinnu, ẹ máa kéde nínú ìwé ìròyìn lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó sì tún sanwó fún CAC. Oyè bàbá ìsàlẹ̀ kò ná yín ní nǹkan kan, ó sì níyì jù ú lọ lójú ará ìlú.

Òfin kan náà ló sọ ẹni tí kò lè ṣe é rárá: ọmọdé, ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti sọ pé orí rẹ̀ kò pé, ẹni tó jẹ gbèsè tí ilé-ẹjọ́ kéde rẹ̀ tí kò tíì bọ́ nínú rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ẹ̀sùn jìbìtì láàárín ọdún márùn-ún sí àkókò tí ẹ fẹ́ yàn án. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan lójúkojú kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Mẹ́ta ni a fi ṣe trustee, kí ìbò má baà di ọgbọọgba, a sì fi méjì kún wọn láti di ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún. Alága ti ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ girama kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Wọ́n mọ ẹni tí à á rí ní TESCOM, àjọ tó ń bójú tó àwọn olùkọ́ girama ìjọba ìpínlẹ̀, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà tí kò ní sùn sórí tábìlì. Akápò jẹ́ oníṣirò owó. Akọ̀wé jẹ́ agbẹjọ́rò. Èmi ni mo ń darí ètò. Ẹni karùn-ún ni mo rò pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń gbàgbé: ìyá ọlọ́jà kan ní Lágelú tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ọ̀kan lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà. Kì í ṣe torí kí a lè ní obìnrin kún un ni a ṣe fi wọ́n sí i. Àwọn ló ń sọ fún wa pé kíláàsì ọ̀sán kò lè bọ́ sí ọjọ́ ọjà, torí ọmọ á ti lọ bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù, àti pé ọ̀nà kan wà tí ọkọ̀ akẹ́rù kò ní lè gbà láti Oṣù Keje sí Oṣù Kẹ̀sán. Kò sí èyí tí èèyàn lè rí nínú ìwé nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù ni ẹ gbọ́dọ̀ là mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lùwé. Abala 838 nínú CAMA sọ pé iṣẹ́ tí a torí ẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìkan ni a lè ná owó rẹ̀ lé, a kò gbọdọ̀ pín in bí èrè fún ọmọ ẹgbẹ́, ọmọ ìgbìmọ̀ kò sì gbọdọ̀ di ipò olówó oṣù mú nínú rẹ̀. Owó ọkọ̀ tàbí owó tí èèyàn fi àpò ara rẹ̀ ná lórí iṣẹ́ ẹgbẹ́, a lè dá a padà pẹ̀lú rìsíìtì. Ìdí nìyẹn tí atúnṣe kọ̀ǹpútà wa kò fi sí nínú ìgbìmọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló mọ iṣẹ́ náà jù gbogbo wa lọ: a fẹ́ máa sanwó fún un. Ó ń wá sí ìpàdé, ó ń sọ̀rọ̀, kì í dìbò.

Nínú ìwé òfin ẹgbẹ́, ẹ má wo tẹlòmíràn kọ láìyí i padà. Òfin ní àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: orúkọ àti èròǹgbà, bí a ṣe ń yan trustee àti bí a ṣe ń yọ wọ́n, ìpàdé, bí owó ṣe ń wọlé tó ń jáde, àti ìyẹ̀wò ìwé owó. Ohun tí àwa fi kún un ló ń gbà wá lójoojúmọ́. Ẹni mẹ́ta nínú márùn-ún gbọ́dọ̀ jókòó kí ìpàdé tó lè ṣe ìpinnu. Ẹni tó bá pa ìpàdé mẹ́ta léra wọn jẹ láìsọ ìdí ti fi ipò sílẹ̀ nìyẹn. Ìnáwó tí kò ju ₦50,000 lọ, èmi àti akápò lè fọwọ́ sí i. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ di ti ìpàdé. Sáà ọdún mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n nínú àwọn trustee mẹ́ta àkọ́kọ́, ti ọ̀kan parí ní ọdún kejì, ti ọ̀kan ní ìkẹta, ti ọ̀kan ní ìkẹrin, kí gbogbo àwọn tó mọ ìtàn iṣẹ́ má baà kúrò lọ́jọ́ kan náà.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìforúkọsílẹ̀ CAC wà. Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, wọ́n á fi pa mọ́ fún yín fún ọgọ́ta (60) ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni ìkéde nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì tó ń tà ní agbègbè yín, tí ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ kárí Nàìjíríà. Ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò ṣeé lò fún èyí, bó ti wù kí àwọn èèyàn yín fẹ́ràn rẹ̀ tó. Orúkọ ẹgbẹ́, orúkọ àwọn trustee àti èròǹgbà ẹgbẹ́ ló ń wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìpè pé kí ẹni tó bá ní àtakò kọ̀wé sí CAC ní Abuja láàárín ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n (28). Ọjọ́ tí ìkéde tó kẹ́yìn jáde ni kíkà náà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí méjèèjì jáde lọ́jọ́ kan náà.

Ohun tó máa ń dá ìwé padà kò ju mẹ́rin, márùn-ún lọ. Orúkọ kò bá ti NIN mu: ẹni tó ń jẹ́ Seun lẹ́nu gbogbo èèyàn ń jẹ́ Oluwaseun lórí NIN, èyí tó wà lórí NIN ni kí ẹ kọ níbi gbogbo, láìsí àmì ohùn. Èròǹgbà inú ìwé ìròyìn yàtọ̀ sí ti inú ìwé òfin. Ẹ da ọ̀kan kọ sórí èkejì ní wẹ́kú. Àkọsílẹ̀ ìpàdé tí a ti yan àwọn trustee kò ní orúkọ àwọn tó wá, tàbí alága àti akọ̀wé kò buwọ́ lù ú. Fọ́tò ìbuwọ́lùwé ní òjìji fóònù lórí. Bírò dúdú lórí ìwé funfun ni kí ẹ lò, lójú ferese. Ìbúra ilé-ẹjọ́ ti trustee kan kò sí.

Lẹ́yìn ìwé-ẹ̀rí, ó di SCUML, ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífọ owó lábẹ́ EFCC. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa bá yín sáré e. Báńkì á béèrè rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà owó-orí àti ìpinnu ìgbìmọ̀ tó sọ àwọn tó ń buwọ́ lùwé owó. Akápò wà lápá kan, alága tàbí akọ̀wé wà lápá kejì. Owó kò lè jáde láìsí ọ̀kan láti apá kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sọ fún báńkì pé bẹ́ẹ̀ náà ni kó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ìsanwó, kí ẹlòmíràn sì fọwọ́ sí i, torí ṣẹ́ẹ̀kì lè béèrè ìbuwọ́lùwé méjì kí fóònù má béèrè ju PIN kan lọ.

Páásíwọ́ọ̀dù wá ńkọ́? Ímeèlì tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́, kó má jẹ́ Gmail ẹnikẹ́ni. Gbogbo síìmù ló so mọ́ NIN ẹnì kan, nítorí náà ẹni tí kóòdù OTP ń wọ orí fóònù rẹ̀ ló ni kọ́kọ́rọ́ ẹgbẹ́, ẹ̀ báà fẹ́ ẹ̀ báà kọ̀. Àwa tan ààbò onípele méjì ti Google, a sì tẹ kóòdù ìpamọ́ mẹ́wàá tó ń fúnni, tí a lè fi wọlé bí fóònù kò bá sí nítòsí, jáde sórí ìwé. Márùn-ún wà nínú àpò ìwé dídì lọ́dọ̀ alága, márùn-ún lọ́dọ̀ akápò. Ẹ̀ẹ̀kan ni kóòdù kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá lo ọ̀kan á fa ìlà lé e, á sì sọ ọ́ ní ìpàdé.

Nígbà tó kan ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ìlànà wa ni pé ẹni tó tún un ṣe kọ́ ni yóò sọ pé ó ti dára. Iléeṣẹ́ tó fi tọrẹ á kọ lẹ́tà pé àwọn ló ni ín, á sì to nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Láìsí èyí, ọlọ́pàá lè dá ọkọ̀ yín dúró lójú ọ̀nà kí ẹ má ní èsì. Atúnṣe á pa ohun tó wà lórí dísíìkì rẹ́. Dísíìkì tó ń yí, ètò ìparẹ́ ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ nwipe ń ṣe é. SSD, ìyẹn dísíìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ní tirẹ̀, àṣẹ ìparẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ lò, torí kíkọ nǹkan lé e lórí kì í dé gbogbo ibi tí dátà wà. A kì í gba èyí tí RAM rẹ̀ kò tó 4GB. Àtìlẹ́yìn Windows 10 ti dópin ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò sì lè gbé Windows 11, nítorí náà Linux Mint Xfce, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ Windows lórí ẹ̀rọ tí kò lágbára púpọ̀, ni a ń fi sí i. Kolibri, ètò ẹ̀kọ́ tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, wà lórí ẹ̀rọ kan, àwọn yòókù ń gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀ nípasẹ̀ Wi-Fi láìra dátà.

Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ohun méjì tí kò gbọdọ̀ fojú fò. Bí paadi ìtọ́ka (touchpad) bá ti wú sókè tàbí tí kò ṣeé tẹ̀ mọ́, bátìrì abẹ́ rẹ̀ ló ti wú. Ẹ yọ ọ́, ẹ má gún un, ẹ gbé e sínú garawa irin tó ní iyanrìn. Bí aago bá ń padà sí ọdún àtijọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pa ẹ̀rọ, bátìrì CR2032 orí bọ́ọ̀dù ti kú. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ètò tí a fi ń ṣí ìkànnì (browser) máa ń fi déètì yẹ ìwé-ẹ̀rí ìkànnì wò, olùkọ́ á sì rí i pé gbogbo ojú ìwé ń kìlọ̀ ewu, á ní kòkòrò ti wọ kọ̀ǹpútà.

Ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́ kò ju ojú ewé kan lọ, ṣùgbọ́n orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ni a fi kọ ọ́, pẹ̀lú òǹtẹ̀, alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ sì buwọ́ lù ú. Wọ́n ń gbé olórí ilé-ẹ̀kọ́ láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Àdéhùn tó bá jẹ́ tirẹ̀ nìkan á bá a lọ. Olùkọ́ méjì ni a ń kọ́, kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà. Àwọn olùkọ́ náà ló ń fi kíbọọ̀dù han ọmọ, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́tìnnì mẹ́jọ tí JAMB gbà kí èèyàn fi ṣe ìdánwò láìlo máòsì: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi sílẹ̀, R láti yí ọkàn padà.

Ìwé náà tún sọ ẹni tó ń bu omi sí bátìrì ínfẹ́tà tó ń fún àwọn láptọ́ọ̀pù níná. Láptọ́ọ̀pù mẹ́wàá ń jẹ nǹkan bí wáàtì 300. Bátìrì olómi kan tó jẹ́ 12V, 200Ah gba wáàtì-wákàtí 2,400, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ lò bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Bí ẹ bá yọ ohun tí ínfẹ́tà ń jẹ, ó kù bíi wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀. Ó tó kíláàsì ọ̀sán. Ẹgbẹ́ òbí ló ń ra omi bátìrì.

Ìjíhìn ọdọọdún CAC kò gbọdọ̀ ṣáájú 30 Oṣù Kẹfà, kò sì gbọdọ̀ kọjá 31 Oṣù Kejìlá, yàtọ̀ sí ọdún tí ẹ forúkọ sílẹ̀. Ìpàdé Oṣù Keje ni a fi tiwa sí. Akápò á mú ìwé owó wá, èmi á mú àtòjọ ẹ̀rọ wá, akọ̀wé á sì máa pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: SSD tí owó rẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀ àti orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ̀rọ náà wà.