Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa iṣan ara ẹran: ẹ má fi ojú nìkan dá a mọ̀

Ìdí tábìlì alápatà ni mo máa ń rán àwọn ọmọ tó ń kọ́ báyọ́lọ́jì lọ kí wọ́n tó ṣí ìwé, torí gbogbo irú iṣan ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí ẹran ṣe pọ́n tó àti bí ó ṣe le tó lẹ́nu ni wọ́n fi ń pinnu irú iṣan tó jẹ́. Ohun tó yẹ kí a bi ara wa ni pé: iṣẹ́ wo ló ń ṣe, níbo sì ni àṣẹ rẹ̀ ti ń wá?

Ẹ má ka gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì yẹn kún iṣan. Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti fùkù kì í ṣe iṣan. Awọ ni pọ̀nmọ́. Bọ́kọ́tọ̀ tí a ń sè títí yóò fi rọ̀, awọ, egungun àti àwọn okùn líle tó ń so iṣan mọ́ egungun ló kún inú rẹ̀. Iṣan ni ẹran tó ń súnkì, tó sì tún ń dẹ̀.

Irú mẹ́ta ló wà. Èkíní ni iṣan ara egungun, tí a fi ń rìn, tí a fi ń gbé nǹkan. Èkejì ni iṣan ọkàn, tí kò sí níbòmíràn àfi nínú ọkàn. Ẹ̀kẹta ni iṣan aláìnílà, tó wà lára ìfun, agbẹ̀du, àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti òpó ẹ̀jẹ̀. Bí a bá fi máíkírósíkóòpù wò wọ́n, a ó rí ìlà wẹ́wẹ́ lára méjì àkọ́kọ́.

Àwọn kan wá sọ pé iṣan tó bá ti nílà, ẹni tó ni ín ló ń darí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkàn nílà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè ní kó dúró. Ọpọlọ lè mú un yára, ó sì lè mú un rọra, ṣùgbọ́n inú ọkàn fúnra rẹ̀ ni lílù kọ̀ọ̀kan ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n yọ síta, tí wọ́n fi sínú omi iyọ̀ tó bá a mu, fi ń lù lọ fún ìgbà díẹ̀ láìsí ọpọlọ kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má sì sọ pé gbogbo iṣan ara egungun ló ń dúró de ìfẹ́ inú wa. Diaphragm, ẹran pẹlẹbẹ tó pààlà sáàárín àyà àti ikùn, nílà bíi ti itan. A lè sé èémí díẹ̀, síbẹ̀ bí a bá sùn fọnfọn, iṣẹ́ rẹ̀ kò dúró.

Iwe adìyẹ ló ń tan àwọn èèyàn jù. Ó le, ó pupa, ni wọ́n bá ní iṣan ara egungun ni. Iṣan aláìnílà ni iwe tí a máa ń fi sílẹ̀ fún baálé yẹn! Adìyẹ kò léyín. Iwe àti òkúta wẹ́wẹ́ tó gbé mì ló ń lọ àgbàdo. Iṣẹ́ yẹn ló mú un le tó bẹ́ẹ̀.

Àwọ̀ náà kì í sọ irú iṣan. Àyà adìyẹ funfun torí kì í fò pẹ́. Àyà ẹyẹlé pọ́n dúdú torí ó lè fò lọ jìnnà. Irú kan náà ni méjèèjì. Myoglobin tó ń gba ọ́síjìn pa mọ́ fún iṣan tó ń ṣiṣẹ́ pẹ́ ló ń fún un ní pupa. Òun náà ló wà nínú omi pupa tó ń ro lára ẹran tútù, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ẹ̀jẹ̀.

Ẹ má fi ara èèyàn ka ti ẹranko. Lọ́nà ọ̀fun èèyàn, iṣan abilà ló wà lókè, aláìnílà ló wà nísàlẹ̀. Ti màlúù tó ń jẹ àpọ̀jẹ nílà títí dé agbẹ̀du. Ti ajá náà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ má kọ ọ́ pé iṣan ń ti egungun. Fífà nìkan ló mọ̀. Èyí tó wà níwájú apá ló ń ká apá, èyí tó wà lẹ́yìn ló ń fà á tí apá fi ń nà.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù kì í ṣe ti inú ìwé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́ ní ìdí. Okùn ńlá tó ń gbé àṣẹ lọ sí ẹsẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Bí abẹ́rẹ́ bá bà á jẹ́, iṣan ẹsẹ̀ kò ní rí àṣẹ gbà mọ́, yóò máa joro, ọmọ náà kò sì ní lè gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè dáadáa. Ọkàn lè lù láìsí àṣẹ ọpọlọ. Iṣan ẹsẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ itan ni àwọn nọ́ọ̀sì ti ń fún ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń wọ inú iṣan. Bí wọ́n bá ti gún ọmọ ní ìdí, tí ẹ sì rí i pé ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.